Orí Keje: Kíkan Òrùlé Tuntun Gun Ẹ̀yìn Tírọ́ọ̀sì Àtijọ́

Bóngálò tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ó ṣọ̀wọ́n kó ṣì wà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìdílé ń pọ̀ sí i, ọmọ ń ti òkè òkun bọ̀, onílé á fẹ́ fa pálọ̀ síwájú tàbí kó sọ fàráńdà di yàrá. Bíríkìlà á mọ ògiri tuntun dé òkè, iṣẹ́ tirẹ̀ á sì parí. Iṣẹ́ káfíńtà ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ń le. Òrùlé ilé àtijọ́ dábùú, òrùlé àfikún kọjú síta. Kí méjèèjì tó lè di ọ̀kan, òrùlé tuntun ní láti gun ẹ̀yìn ti àtijọ́ lọ títí ṣóńṣó rẹ̀ á fi fara kan páànù àtijọ́. Apá tó gun ẹ̀yìn àtijọ́ yìí, tí kò ní ògiri kankan lábẹ́ rẹ̀, ni a ó kọ́ nínú orí yìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dì mú kó tó fọwọ́ kan ayùn. Ẹrù òrùlé tuntun, ìbáà jẹ́ ìwúwo igi àti páànù, ìbáà jẹ́ agbára afẹ́fẹ́, gbọ́dọ̀ dé ara tírọ́ọ̀sì àtijọ́ ní ojú ibi tí tírọ́ọ̀sì náà ti lè gbà á, a kò sì gbọ́dọ̀ gé igi kankan nínú tírọ́ọ̀sì náà kí èyí tó ṣeé ṣe. Gbogbo ìwọ̀n àti ìṣó tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ìdí yìí ni wọ́n ṣe wà.

Irú tírọ́ọ̀sì wo ló wà lókè?

Tírọ́ọ̀sì jẹ́ férémù onígun mẹ́ta. Apá méjì ló dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ṣóńṣó wá sórí ògiri méjèèjì, igi ìdábùú kan sì so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí páànù bá tẹ apá méjèèjì, ẹsẹ̀ wọn á fẹ́ yà síta, wọ́n á sì fẹ́ ti ògiri lọ. Igi ìdábùú ló dá wọn dúró, bí ọsán ṣe ń di orí ọrun méjèèjì mú. Ìfà ló wà lára igi ìdábùú, ìtẹ̀ ló wà lára apá méjèèjì. Ẹni tó bá gé igi ìdábùú kí àyè lè wà fún àjà gíga ti tú ìdè ilé náà.

Kíńpósì, igi tó dúró láàárín, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nínú tírọ́ọ̀sì tó péye, tó jẹ́ ògiri ìta méjèèjì nìkan ló gbé e, kíńpósì kò gbé ṣóńṣó dúró rárá. Orí ṣóńṣó ni kíńpósì so mọ́, òun ló sì ń fa àárín igi ìdábùú sókè kó má baà sọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ bóngálò wa, káfíńtà gbé igi ìdábùú lé ògiri àárín ilé, ó wá na kíńpósì lé e lórí. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kíńpósì ń tẹ igi ìdábùú mọ́ ògiri ni, òpó gidi ló jẹ́. Òrùlé méjèèjì jọra tí a bá wò wọ́n láti ìta, ìrìn ẹrù inú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹ wọ inú àjà lọ kí ẹ wo ibi tí igi ìdábùú jókòó sí. Bó bá jókòó lórí ògiri àárín, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni wó ògiri náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti kan òrùlé tuntun.

Irú kẹta wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò bá pàdé lójoojúmọ́, tó sì ti ń dé àwọn ilé tuntun kan ní Èkó. Tírọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ni. Ní 1952, A. Carroll Sanford ní ìpínlẹ̀ Florida ṣe irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ oríkèé igi lọ́tùn-ún lósì láti so wọ́n pọ̀. Ní 1955, J. Calvin Jureit, ní Florida kan náà, mú irú tirẹ̀ jáde, èyí tí eyín irin rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìṣó. Láti ìgbà náà ni igi 2×4, tí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an kò ju mìlímítà 38 sí 89 lọ, ti ń gbé òrùlé tó fẹ̀ gan-an, tí wọ́n bá tò wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 61 síra wọn. Ẹnjiníà ti ṣírò igi kọ̀ọ̀kan débi pé kò fi àlékún púpọ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà, International Residential Code, fi sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gé e, a kò gbọ́dọ̀ lu ú, a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹrù kún un, láìjẹ́ pé ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ó yẹ kí a máa pa òfin yẹn mọ́ nílé wa níbí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tiwa sábà máa ń nípọn ju tiwọn lọ.

Àyẹ̀wò

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti irin tó ní ẹnu ṣóńṣó lọ sókè. Ẹ fi gún ẹsẹ̀ tírọ́ọ̀sì níbi tó ti jókòó sórí wọ́ọ̀pùléètì, igi tó nà lórí ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ìkán ti sábà ń gba ara ògiri bọ́ sínú igi, ibẹ̀ náà sì ni omi ń dúró sí bí páànù bá ń jò. Igi tó yè á ta ẹnu irin padà. Èyí tí kòkòrò ti jẹ á gbà á wọlé, ìyẹ̀fun á sì dà. Ẹ má kan nǹkan kan lé irú igi bẹ́ẹ̀ lórí. Ẹ gbé igi tuntun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó gùn kọjá ibi tó jẹrà dáadáa lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ fi bóòtù dì wọ́n pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Igi tuntun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ẹ sì ti kùn ún ní oògùn ìkán. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ọjà pákó Bódìjà tàbí ní Òkò Bàbá á sún kì lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìṣó inú rẹ̀ á sì tú.

Bí òrùlé àtijọ́ bá jẹ́ ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti awọ tó bò ó, àìsàn náà sì lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn. A kì í fi ayùn gé e, a kì í fi òòlù fọ́ ọ. Omi la ń wọ́n sí i kó tutù, a ó tú ìdè rẹ̀, a ó gbé abala kọ̀ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ ní odindi. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ fi ìbòmú tó yẹ fún irú eruku bẹ́ẹ̀ bo imú àti ẹnu. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó.

Ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Bóngálò àtijọ́ fẹ̀ ní mítà 9 láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4.5. Òrùlé rẹ̀ ń gòkè ní mítà 1 fún gbogbo mítà 2 tó bá wọlé. Tírọ́ọ̀sì rẹ̀ jìnnà síra ní mítà 1.2. Pálọ̀ tuntun tó yọ síwájú fẹ̀ ní mítà 4.8, orí ògiri rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àtijọ́, òrùlé rẹ̀ á sì ní ìdagẹ̀rẹ́ kan náà. A fi etí òrùlé sílẹ̀ ná, orí ògiri nìkan la ń bá wí.

Ìdajì ìbú pálọ̀ tuntun jẹ́ mítà 2.4. Pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ́ 1 sí 2, ṣóńṣó rẹ̀ á ga ju wọ́ọ̀pùléètì lọ ní mítà 1.2. Níbo ni òrùlé àtijọ́ ti ga tó mítà 1.2? Níbi tó ti wọlé ní mítà 2.4 láti ojú ògiri. Ibẹ̀ ni ṣóńṣó tuntun á ti kú sí. Láti ibẹ̀, ìlà méjì á sọ̀kalẹ̀ lọ sí igun méjèèjì tí ògiri tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Ìlà méjì yìí ni àwọn káfíńtà ń pè ní fálì, ojú ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ara wọn. Fálì kọ̀ọ̀kan wọlé ní 2.4, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2.4, ó sì gòkè ní 1.2. Tí a bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, 5.76, 5.76 àti 1.44, àpapọ̀ wọn jẹ́ 12.96. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 3.6. Fálì kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3.6.

Ráfítà tuntun, àwọn igi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti igi ṣóńṣó, tó wà lórí ilé àtijọ́ kò dọ́gba. Èyí tó wà ní ojú ògiri ló gùn jù, wọ́n á sì máa kúrú títí dé ṣóńṣó. Bí a bá tò wọ́n ní mítà 0.6 síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi mítà 0.671 kúrú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: 2.683, 2.012, 1.342, 0.671. Ìdí ni pé mítà 0.6 ní ìbú di 0.671 lórí ìdagẹ̀rẹ́ 1 sí 2, nítorí 1.118 ni a fi ń sọ ìwọ̀n ilẹ̀ di ìwọ̀n òkè. Ẹ yọ ìdajì sísanra igi ṣóńṣó kúrò kí ẹ tó gé. Ẹsẹ̀ ráfítà kọ̀ọ̀kan ní gígé méjì: ọ̀kan kó lè jókòó dáadáa lórí ìdagẹ̀rẹ́ àtijọ́, èkejì kó lè tẹ̀ lé ìlà fálì. Ẹ gé ọ̀kan fún àpẹẹrẹ, ẹ gbé e lọ dán wò, kí ẹ tó gé ìyókù.

Ìṣírò yìí bá ilé tí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba nìkan mu. Bí ti tuntun bá jẹ́ 1 sí 3, ṣóńṣó rẹ̀ á ga ní 0.8, á sì kú sí mítà 1.6 péré láti ojú ògiri. Àwọn káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í gbára lé ìṣírò nìkan. Wọ́n á kan igi ṣóńṣó sípò, wọ́n á na okùn láti orí rẹ̀ dé igun ògiri, wọ́n á fi ẹfun sàmì sójú ibi tí okùn gbà kọjá. Bí okùn àti ìṣírò kò bá bára mu, ilé náà ni kò gún, èyí sì wọ́pọ̀. Okùn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ibi tí ẹsẹ̀ ráfítà bọ́ sí

Ẹ wo àpẹẹrẹ wa dáadáa. Ká ní ṣóńṣó tuntun wà ní ojú tírọ́ọ̀sì àárín gan-an. Àwọn tírọ́ọ̀sì tó kù wà ní 1.2 àti 2.4 lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹsẹ̀ ráfítà tó gùn ní 1.342 bọ́ sí 1.2 láti àárín, ojú tírọ́ọ̀sì gan-an. Ti 2.683 bọ́ sí 2.4, òun náà wà lójú tírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ti 0.671 bọ́ sí 0.6, ti 2.012 sì bọ́ sí 1.8, àárín méjì níbi tí kò ti sí nǹkan kan lábẹ́ ju pọ́líìnì 2×2 tó gbé páànù àtijọ́ lọ. Ìdajì àwọn ẹsẹ̀ ráfítà ló wà nínú afẹ́fẹ́, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù tí mo rí jù lórí irú iṣẹ́ yìí nìyí: òrùlé tuntun á dúró lọ́dún àkọ́kọ́, pọ́líìnì á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fálì á sọ̀, omi á sì dá adágún síbi tó sọ̀.

Pákó ìtẹ́lẹ̀ la fi ń yanjú rẹ̀. A ó fi igi 2×6 ní ìbúlẹ̀ gba ojú fálì kọ̀ọ̀kan láti ṣóńṣó dé igun ògiri, orí rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ gbogbo ráfítà tuntun á jókòó sí. Níbi tí pákó yìí ti kọjá lórí tírọ́ọ̀sì, pọ́líìnì ló gbé e sókè, àlàfo mìlímítà 50 sì wà láàárín òun àti apá tírọ́ọ̀sì. Ẹ gé igi kéékèèké tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi dí àlàfo náà, kí ẹrù lè gba inú rẹ̀ lọ tààrà. Níbi tí ẹsẹ̀ ráfítà bá bọ́ sí àárín tírọ́ọ̀sì méjì, ẹ fi nọ́gíìnì 2×4 ní ìdúró kọ́ láti apá tírọ́ọ̀sì kan dé èkejì, kí orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú orí apá náà, kí ẹ sì fi igi kéékèèké dí àlàfo orí rẹ̀ bákan náà. Báyìí ni ẹrù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pín sára tírọ́ọ̀sì méjì.

Káfíńtà kan lè sọ pé òpó kúkúrú mẹ́ta mẹ́rin láti abẹ́ igi ṣóńṣó ló rọrùn jù. Ṣóńṣó wa wà ní ojú tírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, gbogbo òpó náà á sì kó ẹrù jọ lé tírọ́ọ̀sì yẹn lórí, nígbà tí àwọn tó yí i ká kò gbé nǹkan kan. Òpó lè wà, àmọ́ orí nọ́gíìnì tó kọjá sórí tírọ́ọ̀sì méjì mìíràn ni kó dúró sí, nítòsí oríkèé ibi tí igi inú tírọ́ọ̀sì ti pàdé apá.

Páànù àtijọ́ àti pọ́líìnì rẹ̀

Ṣé kí a ká páànù àtijọ́ tó wà lábẹ́ òrùlé tuntun ni àbí kí a fi í sílẹ̀? Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà títí tuntun á fi bò ó, kí àjà onílé má baà bàjẹ́. Ojú ọ̀nà pákó ìtẹ́lẹ̀ nìkan ni kí ẹ ká kí ẹ tó tẹ́ pákó, nítorí pákó kò lè jókòó dáadáa lórí páànù tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú. Tí òrùlé tuntun bá ti bò ó, ìyókù lè wà tàbí kó lọ.

Pọ́líìnì kò gbọ́dọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ pọ́líìnì kò ju kó gbé páànù lọ, torí náà tí páànù bá kúrò, wọ́n á tú pọ́líìnì fi kan nǹkan mìíràn. Ìtẹ̀ ló wà lára apá tírọ́ọ̀sì, igi gígùn tí a bá sì tẹ̀ ní orí àti ní ìdí á fẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pọ́líìnì ló dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo mítà 0.9. Bí a bá tú pọ́líìnì méjì tó tẹ̀ léra, ibi tí igi náà kò ti ní olùdìmú á di mítà 2.7, ìlọ́po mẹ́ta. Agbára igi láti kọ yíyẹ̀ ń dín kù ní ìwọ̀n gígùn náà tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́sàn-án péré ló kù. Bí pọ́líìnì kan bá wà lọ́nà iṣẹ́, ẹ kan òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.

Ìwúwo àti afẹ́fẹ́

Ojú ilẹ̀ tí apá yìí bò jẹ́ mítà 4.8 sí 2.4, a pín in sí méjì, 5.76 ní ìwọ̀n mítà oníbùú-lóòró. Igi wa tó gbẹ á wúwo bíi kílò 700 nínú mítà oníhà mẹ́ta kan, nítorí náà mítà kan 2×4 jẹ́ kílò 3.5. Ráfítà, pọ́líìnì tuntun àti páànù alumíníọ̀mù mìlímítà 0.55 á tó kílò 61 lápapọ̀. Pákó ìtẹ́lẹ̀ méjèèjì fi bíi 38 kún un, igi ṣóńṣó fi 13 kún un. Kílò 112, tí a pín fún tírọ́ọ̀sì márùn-ún. Kò pọ̀. Bí onílé bá ní táìlì kọnkéré, tó lè wúwo ní kílò 45 fún mítà oníbùú-lóòró kọ̀ọ̀kan, lòun fẹ́, àpapọ̀ á sún mọ́ 390, ó sì di dandan kí ẹnjiníà wò ó.

Afẹ́fẹ́ ló yẹ ká bẹ̀rù. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ló ń ká òrùlé lọ nílẹ̀ wa. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní mítà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní agbára tó tó kílò 100 lórí mítà oníbùú-lóòró kọ̀ọ̀kan. Bó bá fa òrùlé wa sókè pẹ̀lú agbára yẹn, kílò 576 ló ń fà á, nígbà tí ìwúwo tó ń fa òrùlé sílẹ̀ jẹ́ 112 péré. Ìṣó ní láti di ìyókù mú. Ìṣó tí a gbá sí orí igi, níbi tí okùn igi ti kọjú sókè, kò ní agbára láti kọ ìfà. Nítorí náà, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí wáyà líle yí ẹsẹ̀ ráfítà, pákó ìtẹ́lẹ̀ àti apá tírọ́ọ̀sì papọ̀ ní ojú tírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìṣó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣó íǹṣì 4 méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló kéré jù tí mo lè gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá tírọ́ọ̀sì àtijọ́ fúnra rẹ̀ so mọ́ wọ́ọ̀pùléètì, àti bóyá wọ́ọ̀pùléètì so mọ́ ògiri. Mo ti rí ilé tí gbogbo ìdè òkè rẹ̀ péye, tí afẹ́fẹ́ sì gbé òrùlé tuntun àti àtijọ́ lọ papọ̀ nítorí kò sí nǹkan tó di wọ́ọ̀pùléètì mú.

Bí onílé bá fẹ́ wó ògiri àtijọ́ kí pálọ̀ méjèèjì lè di ọ̀kan, ẹ rántí pé ẹsẹ̀ tírọ́ọ̀sì àtijọ́ wà lórí ògiri náà. Bíìmù tí ẹnjiníà ṣírò gbọ́dọ̀ ti wà nípò, kó sì ti le, tírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí àtìlẹ́yìn, kí búlọ́ọ̀kù kan tó kúrò.

Omi fálì

Gbogbo omi láti ṣóńṣó àtijọ́ dé ògiri, ní ìbú mítà 2.4, ni fálì kọ̀ọ̀kan ń kó: mítà oníbùú-lóòró 10.8. Òjò tó ń rọ̀ ní mìlímítà 100 ní wákàtí kan á da lítà 18 sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Páànù pẹlẹbẹ ojú fálì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí etí rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ sókè, kí abala òkè sì gun ti ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ gé etí páànù méjèèjì kí àlàfo tó fẹ̀ tó ọwọ́ wà láàárín, kí ewé ọyẹ́ lè bá omi lọ. Ẹ má gbá ìṣó sí àárín rẹ̀ láéláé.

Ìdánrawò

1. Ìbú àfikún kan jẹ́ mítà 6, ìdagẹ̀rẹ́ méjèèjì jẹ́ 1 sí 2. Wá gíga ṣóńṣó, ibi tó kú sí, àti gígùn fálì.

2. Nínú àpẹẹrẹ inú orí yìí, ká ní tírọ́ọ̀sì jìnnà síra ní mítà 0.9, tí ọ̀kan sì wà lójú ṣóńṣó. Ẹsẹ̀ ráfítà wo ló bọ́ sójú tírọ́ọ̀sì, èwo ló nílò nọ́gíìnì? Ya àwòrán rẹ̀.

3. Wọ inú àjà ilé kan tí onílé gbà ọ́ láàyè. Ya tírọ́ọ̀sì kan bí o ṣe bá a, fi àmì hàn bóyá kíńpósì rẹ̀ ń fà tàbí ó ń tẹ̀, kí o sì kọ ìdí rẹ̀.

4. Káfíńtà kan tú pọ́líìnì kan ṣoṣo láàárín àwọn tó jìnnà síra ní mítà 0.9. Ìdá mélòó nínú agbára apá tírọ́ọ̀sì láti kọ yíyẹ̀ ló kù níbẹ̀?